Ọmọ Wa Tó Lọ Kàwé ní Lomé: Àlàyé Lórí Pàṣípààrọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí máa ń bi mí ládùúgbò wa ní Toll Gate, nílẹ̀ Ọ̀tà, pàápàá àwọn tí ọmọ wọn ń kọ́ èdè Faransé ní yunifásítì. "Ẹ jọ̀ọ́, ilé-ìwé ní kí ọmọ wa lọ lo sáà kan ní Lomé. Ṣé wọ́n lé e ni? Ṣé ibi méjì la ó máa san owó sí? Ṣé kò ní tún ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ tó bá dé?" Ìbéèrè gidi ni, ó sì tọ́ kí èèyàn fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀. Jàpá ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Bí ọmọ bá ti gbé báàgì sọdá ibodè, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn ni pé ó ti lọ nìyẹn, kó ṣáà máa fowó ránṣẹ́ sílé.

Pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó lọ fún un ṣì jẹ́ ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ ní Nàìjíríà. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé wọn, nọ́ńbà tí wọ́n fún un lọ́jọ́ tó wọlé kò yí padà, ibẹ̀ ló sábà ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti gba ìwé-ẹ̀rí. Sáà kan tàbí ọdún kan ló lọ lò lọ́hùn-ún. Ohun tó bá kọ́ níbẹ̀, tó sì yege nínú rẹ̀, yóò wọnú èsì rẹ̀ nílé bí ẹni pé ibí ló ti kọ́ ọ. Bí èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yìí kò bá sí, ìrìn-àjò lásán ni, kì í ṣe pàṣípààrọ̀.

Àwọn àgbà Àwórì tó ń dáko nílẹ̀ Ọ̀tà, kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó gba ilẹ̀ oko, mọ àáró dáadáa. Lónìí, gbogbo ẹgbẹ́ á ro oko lágbájá. Lọ́la, wọ́n á kọjá sí oko tàmẹ̀dù. Ẹnikẹ́ni kì í san owó iṣẹ́ fún ẹnì kejì, síbẹ̀ kò sí oko tí igbó ń bò mọ́lẹ̀. Bí yunifásítì méjì ṣe ń ṣe é nìyẹn. Èyí tó wà ní Nàìjíríà á gba ọmọ méjì tàbí mẹ́ta láti ìlú kejì, kò ní gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn. Èyí tó wà lọ́hùn-ún náà á ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tiwa. Owó mọ́tò, owó oúnjẹ àti owó ilé ló máa ń kù sọ́rùn òbí, àyàfi bí ọmọ bá rí ẹ̀bùn owó gbà. Bí ìhà kan bá wá ń rán ọmọ lọ tí ìhà kejì kò rí ọmọ rán wá, àáró náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Lójú tèmi, ohun tó ń pa àdéhùn àwọn yunifásítì wa nìyẹn ju ohunkóhun lọ: àwọn ọ̀gá á fọwọ́ sí ìwé, wọ́n á ya fọ́tò, lẹ́yìn náà kò sí ọmọ tó wá, kò sì sí èyí tó lọ.

Ètò yìí ti pẹ́ láyé. Ní 1923, olùkọ́ kan ní Yunifásítì Delaware ní Amẹ́ríkà, Raymond Kirkbride, tó ti jagun ní ilẹ̀ Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, kó akẹ́kọ̀ọ́ 8 wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí ilẹ̀ náà kí wọ́n lè lo ọdún kẹta wọn níbẹ̀. Ní 1987, àwọn orílẹ̀-èdè 11 ní Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní Erasmus. Akẹ́kọ̀ọ́ 3,244 ló lọ lọ́dún àkọ́kọ́. Àwọn tó ti bá ètò náà rìn ti di àràádọ́ta ọ̀kẹ́ lọ́nà púpọ̀, láti 2015 sì ni àyè ti ṣí sílẹ̀ fún àwọn yunifásítì Áfíríkà láti bá ti Yúróòpù ṣe pàṣípààrọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, àwọn tó ń kọ́ Faransé ló mọ ọ̀rọ̀ yìí jù. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn olùkọ́ èdè náà ti gbà pé ọmọ kò lè gba oyè nínú rẹ̀ láìtíì gbé láàárín àwọn tó ń fi í jẹ, tó ń fi í mu. Ọdún kẹta ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Àwọn kan lọ sí ilẹ̀ Faransé, àwọn kan lọ sí Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, ọ̀pọ̀ sì lọ sí Lomé, olú-ìlú Tógò, níbi tí wọ́n ti dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní 1968 fún àwọn tó ń wá kọ́ Faransé láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Village du Bénin ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ yìí máa ń ṣi àwọn òbí lọ́nà. Wọ́n á ní Kútọnu ni ọmọ ń lọ. Tógò ló wà. Nígbà tí wọ́n fún un lórúkọ yẹn, Dàhòmì ṣì ni wọ́n ń pe orílẹ̀-èdè tó wà láàárín àwa àti Tógò. 1975 ló tó di Bẹ̀nẹ̀.

Owó ló wá ba ètò náà jẹ́. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Ìjọba Babangida mú ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP wọlé ní 1986, nígbà tó sì fi máa di 1991, dọ́là kan ti ń gba nǹkan bíi náírà 10. Owó tó ń gbé odindi kíláàsì lọ tẹ́lẹ̀ kò tó gbé ìdajì wọn mọ́. Ìjọba àpapọ̀ wá dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjárá, ní Àgbádárìgì, ní 1991, kí àwọn ọmọ yunifásítì lè lo ọdún náà níbẹ̀, kí wọ́n máa gbé pọ̀, kí wọ́n máa sọ Faransé láti àárọ̀ dalẹ́. French Village ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Láti Toll Gate, kò jìnnà: ẹ gba ọ̀nà Ìdìrókò lábẹ́ bíríìjì Ṣàngó dé Àtàn, ẹ yà sí Lúṣàdá, ẹ já sí Àgbárá, ẹ wá kọjú sí Àgbádárìgì.

Mi ò fojú kéré iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Àìmọye olùkọ́ Faransé tó wà ní ilé-ìwé girama ní Ògùn àti Èkó ló gba ibẹ̀ kọjá, bí kò bá sì sí i, èdè náà ì bá ti kú ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kan wà tí kò yẹ ká fi pamọ́. Ọmọ tó bá jáde ní géètì lọ ra ọṣẹ ní ọjà Àgbádárìgì, Ègùn tàbí Yorùbá ni wọ́n á fi dá a lóhùn. Faransé ibẹ̀ kò kọjá géètì. Ìdí nìyí tí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ṣì fi ń sapá láti rán ọmọ wọn sọdá ibodè, kódà bó jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tí ọmọ ń bá pàdé lọ́hùn-ún. Èmi náà lo sáà kan ní Lomé nígbà tí mo ń kàwé, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ lẹ́yìn mi sọ̀rọ̀; ìtàn wa jọra. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń le. Faransé tí a kọ́ ní kíláàsì nílé máa ń rọra rìn, olùkọ́ á dúró, á tún un sọ. Ti Lomé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ á wọ gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ń pè ní anfí, á bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹ̀kọ́ jáde, àwọn ọmọ onílùú á máa kọ ọ́ wéréwéré, ìwọ á ṣì máa wá ọ̀rọ̀ kẹta nígbà tí wọ́n bá ti dé ogún. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni pé kéèyàn tètè wá ọ̀rẹ́ tó máa yá a ní ìwé àkọsílẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì. Ibi tí ọ̀rẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ sì ni èdè gan-an ti ń wọlé, torí ọ̀rẹ́ kì í pe ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ó ń ṣàwàdà, ó ń ráhùn, ó ń bá ẹ jiyàn lórí bọ́ọ̀lù.

Ní òde, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀. Èwè àti Mina ni wọ́n fi ń ná ọjà ní Lomé. Faransé ni ti kíláàsì, ti ọ́fíìsì, ti rédíò. Ọmọ tó bá rò pé gbogbo ojú pópó ni wọ́n á ti máa fi Faransé kí òun yóò rí i pé òun gbọ́dọ̀ kọ́ ìkíni méjì-mẹ́ta nínú Èwè kí ìyá aláta tó rẹ́rìn-ín sí òun. Ọ̀kadà wọn, zémidjan, ló ń gbé èèyàn káàkiri. Ẹ máa fohùn ṣọ̀kan lórí iye owó kí ẹ tó gùn ún, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀. Sẹ́fà ni owó wọn, ọmọ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí náírà bá já ní àárín sáà, owó oúnjẹ tí bàbá rẹ̀ kó fún un á kéré láìjẹ́ pé ó jẹun jù. Mo rí akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ tán kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ nítorí èyí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣẹ́ owó tó pọ̀ sí sẹ́fà kó tó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró pẹ́ díẹ̀ lórí máàkì, nítorí ibẹ̀ ni àyà àwọn òbí ti máa ń já. Ní yunifásítì wa, ẹni tó gba 70 nínú 100 ti gba A. Ní ilẹ̀ tí Faransé ti jọba, 20 ni wọ́n ń ka máàkì dé. Ẹni tó bá gba 10 ti yege, ẹni tó gba 12 ṣe déédéé, 14 dára, 16 dára gan-an, agbára káká ni ẹ ó fi rí ẹni tó gba 18. Àṣà wọn ni, wọ́n gbà pé 20 kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tó bá mú 13 wálé lè wà lára àwọn tó ṣe dáadáa jù ní kíláàsì rẹ̀. Bí ẹni tó ń ka èsì nílé bá wá kàn fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, 13 á di 65, ọmọ náà á gba B, ọmọ tó gba 10 á sì di ẹni tó ní 50. Ìyà tí kò tọ́ nìyẹn. Yunifásítì tó mọ ohun tó ń ṣe máa ń ní tábìlì kan tí wọ́n ti fẹnu kò lé lórí, tó sọ ohun tí 12 tàbí 14 jẹ́ nílé, kí ọmọ tó gbéra. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí òbí béèrè nìyẹn.

Kírẹ́dìtì náà ní ìṣòro tirẹ̀. Níbí, ọmọ kò lè forúkọ sílẹ̀ fún ju yúnìtì 24 lọ ní sáà kan. Lọ́hùn-ún, lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní LMD, kírẹ́dìtì 30 ni sáà kan, ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n sì fi ń gba oyè àkọ́kọ́, nígbà tí tiwa jẹ́ mẹ́rin. Nítorí náà, èèyàn kò lè fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi wé ẹ̀kọ́: lítíréṣọ̀ Áfíríkà tó bá ṣe ní Lomé, èwo ló dípò nínú tiwa? Bí kò bá sì yege ńkọ́? Ní ilẹ̀ wọn, wọ́n máa ń ṣe àtúnṣe ìdánwò lọ́dún kan náà fún ẹni tó kùnà. Tiwa jẹ́ kári-ófà tí ọmọ á tún gbé dání di ọdún tó ń bọ̀. Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀ ní ojú ìwé kan tí ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ níbí, ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lọ́hùn-ún àti ọmọ fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí. Àwọn ará Yúróòpù kì í jẹ́ kí ọmọ wọn gbéra láìsí ìwé yìí. Ọmọ tiwa tó bá lọ láìní in lè padà dé kó bá a pé ọdún kan tó lò kò wọ èsì, kó wá lo ọdún mìíràn láti dí àlàfo. Mo ti rí i, ó sì dùn mí, torí ọmọ náà kàwé.

Ìyanṣẹ́lódì nílé tún wà. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kejìlá 2020. Ní 2022, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ó di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó padà. Lóòótọ́, kò kan yunifásítì aládàáni bíi Covenant àti Bells tó wà lójú ọ̀nà Ìdìrókò wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà ní yunifásítì ìjọba, sáà tirẹ̀ lè dúró gbọnin nígbà tí ti Lomé ń lọ. Ilé-ìwé òkèèrè kì í dúró. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹni tí ìdánwò rẹ̀ kò tíì parí nílé ti pàdánù àyè rẹ̀ nìyẹn. Mi ò rò pé ohun mìíràn wà tó ti ba orúkọ wa jẹ́ tó èyí lójú àwọn tó fẹ́ bá wa ṣe pàṣípààrọ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ọjọ́ tí ọmọ máa dé, a ò lè sọ.

Ní ti ìrìn-àjò, ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé wa yìí náà ni. Láti abẹ́ bíríìjì Ṣàngó, ọ̀nà Ìdìrókò kọjá Ọ̀tà, ó kọjá Àtàn àti Òwódé, ó dé ibodè. Ẹ ó bá Ìgólò lódìkejì, lẹ́yìn náà Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, Kútọnu, títí dé Hillacondji tí Bẹ̀nẹ̀ ti pààlà pẹ̀lú Tógò. Àjọ ECOWAS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 1975, ṣe òfin ní 1979 pé ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ náà lè wọ òmíràn láìgba físà, kó lo ọjọ́ 90. Kò sí físà, ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà tó pé àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́. Ẹni tó máa ju ọjọ́ 90 lọ ní láti gba ìwé ìgbélùú, ilé-ìwé tó gbà á ló sì yẹ kó bá a ṣètò rẹ̀. Kí ẹ má sì gbàgbé pé ìjọba lè ti ibodè. Oṣù Kẹjọ 2019 ni wọ́n ti ibodè orí ilẹ̀ wa pa. Ti Ìdìrókò kò sí nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí, ó di oṣù Kẹrin 2022 kí wọ́n tó ṣí i.

Àwọn òbí kan á ní, kí ló dé tí kò fi lọ sí Àjàṣẹ́ tó wà nítòsí? Ó dára, owó mọ́tò sì kéré. Àmọ́ Yorùbá kún ibẹ̀. Láti Ìgólò lọ dé Sàkẹ́tẹ́, Pobè àti inú Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀, ọmọ yín á rí ẹni bá sọ èdè ilé, yóò ra oúnjẹ ní Yorùbá, yóò sùn ní Yorùbá, Faransé á sì wà nínú ìwé. Ẹni tó bá mọ ara rẹ̀ ní onítìjú, tí kì í fẹ́ ṣe àṣìṣe lójú èèyàn, kó jìnnà díẹ̀ sí i.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ là yé yín, nítorí ó ti kó ìbẹ̀rù bá ọ̀pọ̀ ilé. Ní òpin ọdún 2023, akọ̀ròyìn kan ní ilé-iṣẹ́ ìròyìn Daily Nigerian gbé e jáde pé òun gba ìwé-ẹ̀rí oyè láti ilé-ìwé kan ní Kútọnu láàárín àkókò tí kò tó oṣù méjì. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní 2024, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ètò ẹ̀kọ́ dá ìfọwọ́sí ìwé-ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti dárúkọ Lomé tàbí Kútọnu, àwọn èèyàn á ní jìbìtì ni. Ẹ ya jìbìtì sọ́tọ̀ kúrò lára pàṣípààrọ̀. Ìwé-ẹ̀rí ọmọ tó lọ fún pàṣípààrọ̀, ilé-ìwé rẹ̀ ní Nàìjíríà ló máa fún un. Ilé-ìwé lọ́hùn-ún kàn máa fi èsì sáà tó lò ránṣẹ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọmọ yín lè lọ fún oṣù díẹ̀ kó sì mú oyè bọ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń tà.

Àáró tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ṣé àwọn kan máa ń wá sọ́dọ̀ wa náà? Bẹ́ẹ̀ ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà fi wá sí Yunifásítì Ìbàdàn láti wá kọ́ Yorùbá, tí wọ́n ń kí àgbà lórí ìkúnlẹ̀ bí ọmọ ilé. Ohun tí ọmọ wa ń wá lọ sí Lomé ni àwọn náà wá gbà nílẹ̀ wa, wọ́n sì rí i gbà.

Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ àwọn yunifásítì ojú ọ̀nà Ìdìrókò máa jẹ mí lọ́kàn. Gbogbo orílẹ̀-èdè tó bá wa pààlà lórí ilẹ̀ ló ń lo Faransé. Ní 1996, Ọ̀gágun Abacha, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, kéde pé Faransé yóò di èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà. Ìkéde náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà ń ṣe ọjà tí wọ́n lè tà dé Abidjan, wọ́n sì nílò ẹni tó lè kọ lẹ́tà sí oníbàárà ibẹ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀dọ́ Bẹ̀nẹ̀ náà ń wá Gẹ̀ẹ́sì bí tiwa ṣe ń wá Faransé. Ẹ̀yin ọ̀gá yunifásítì tó wà lágbègbè yìí, Yunifásítì Abomey-Calavi kò jìnnà sí yín tó bí Abuja ṣe jìnnà. Ẹ bá wọn dá àáró sílẹ̀, ẹ gba ọmọ wọn, ẹ fún wọn ní tiyín.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá gbé lẹ́tà wálé pé wọ́n ń rán òun lọ, ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹ́jẹ́ǹtì kankan. Ẹ bá a lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi àdéhùn láàárín ilé-ìwé méjèèjì hàn yín, àti ojú ìwé tó sọ ẹ̀kọ́ tó dípò ẹ̀kọ́, àti tábìlì máàkì. Ẹ béèrè ibi tí yóò máa sùn. Bí ìwé wọ̀nyí bá pé, ẹ jẹ́ kó lọ.